Sálúbàtà Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Màmá Àgbà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti yàrá wa ní Àgbówó. Mo kí Bàámi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ni mo máa ń kí tẹ̀lé yín. Lónìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa kí wọn.

Mo ti gbọ́, Màmá. Ọjà Bódìjà ni mo ti gbọ́. Ìyá Rísíkà àdúgbò wa nílé wá ra ẹ̀wà, mo sì sáré lọ kí wọn. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ sin gbogbo wa. Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní ta la sin? Ojú wọn yí padà, wọ́n ní háà, àwọn gbé, àwọn rò pé wọ́n ti sọ fún mi ni. Gbogbo àwọn ẹlẹ́wà ń wò mí. Èmi tí Màmá Àgbà pọ̀n dàgbà, mo wá dà bí àlejò nínú ọ̀fọ̀ wọn.

Mi ò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé wọn kì í túfọ̀ fún ọmọ tó ń múra ìdánwò. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo fà á. Ẹkún ló kún inú gbogbo lẹ́tà mi: ọyẹ́ ń mú mi, ìwé ò yé mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́n jù mí lọ. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún irú mi? Ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ tún ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi tù mí nínú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni sálúbàtà tí mo fún awakọ̀ ìlú wa ní ìdíkọ̀ Challenge, torí ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá Àgbà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má tún gbé e pamọ́ de ọdún o, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nǹkan tuntun. Awakọ̀ náà, aláwàdà, kàn ní òun gbọ́ ni. Kò wojú mi; àṣé òun ti mọ̀ pé ẹ ti sin wọ́n. Ẹ̀yin náà fèsì pé ó bá wọn lẹ́sẹ̀ mu, pé wọ́n ń ṣàdúrà fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Ìbàdàn, Màmá Àgbà sìn mí dé ìdíkọ̀. Wọ́n ní bí ẹkún bá ń gbọ̀n mí, kí n sun ún, kí n ṣáà má gbé ìwé sílẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi mọ́. Màá sunkún, màá sì kàwé.

Tí a bá parí ìdánwò, mò ń bọ̀ wálé, kí ẹ mú mi dé ojú oórì. Ẹ bá mi kí Bàámi àti gbogbo ilé. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá Àgbà sí afẹ́fẹ́ rere, á dá ẹ̀yin sí fún wa. Ẹsẹ̀ kan náà lẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ní. Ẹ wọ sálúbàtà náà, Màmá. Ẹ má gbé e pamọ́ de ọdún.

Èmi ni ọmọ yín,
Adénìkẹ́