Ṣòkòtò Àpáta Tí Mo Gbẹ́sẹ̀ Lé

Ilé Ìránṣọ Wa,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà tí a jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Ara èmi le koko, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Jókòó kí o gbọ́.

O rántí àbúrò mi káfíńtà, Àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún ló gbé ṣòkòtò mẹ́ta kan náà wá pé kí n bá òun tú iwájú wọn kó fẹ̀ sí i. Mo wọn ìbàdí, kò yẹ̀. Mo wọn itan, kò yẹ̀. Apá ọ̀tún nìkan, níbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn, ni aṣọ ti ń fẹ́ ya. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa pé ara lè purọ́ fún ìyàwó, kò lè purọ́ fún téèpù. Àṣé ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá!

Mo bi í léèrè. Ojú tì í, ó fi ìbínú bò ó: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ni abẹ́ mi ni?” Mo ní rárá o, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni máṣíìnì. Mo bá gbẹ́sẹ̀ lé ṣòkòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó di ìgbà tó bá dé ọsibítù.

Ó fapá jánú, àmọ́ ó lọ, mo sì tẹ̀lé e. Ìgbà tó rí i pé obìnrin ni dókítà, díẹ̀ ló kù kó sá. Dókítà ní kó wúkọ́, ó fi ìka méjì kan ibẹ̀, ó ní ìpá ni. Ó ṣàlàyé pé ẹran ara tó bo ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun iwájú abẹ́, kò nípọn; ẹni tó bá ń gbé pákó wúwo lójoojúmọ́, ìfun rẹ̀ lè gbabẹ̀ yọ. Bó bá há síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, yóò jẹrà, ó sì lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àpáta tó jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń fọwọ́ tì í padà wọlé. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní!

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yọrí sí rere. Àná ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa, ó gba ṣòkòtò kan wọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, ó jáde sáàárín àwọn oníbàárà. Iwájú ṣòkòtò ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó ní kí ọkùnrin tí nǹkan bá wú lábẹ́ ikùn rẹ̀ má tijú, kó lọ fi han dókítà. Ó wá yíjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dín in kù.”

Bá mi kí Ìyá àti àwọn ọmọ. Mo ti dín méjì, ẹ̀kẹta ló wà lábẹ́ máṣíìnì yìí.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Sísọ́ọ̀sì.