Ìkíni Tí Ọkọ̀ Sìmẹ́ńtì Gbé Lọ sí Maidúgùrì

Agbo-ilé Sàlàhúdíìnì,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986.

Mọ́níkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé oòrùn Maidúgùrì kò tíì sọ ẹ́ di ẹran gbígbẹ? Àwa wà, a dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún kì í pa àgbà. Adébímpé, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má tún un ṣe.

Mọ́nsúrù, ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sókè lọ́hùn-ún, ní òun yà sọ́dọ̀ rẹ. Ó ní o ti rù. Ó ní o ń sọ pé Sìlífátù, ìyá tó bí bàbá rẹ, kú pẹ̀lú ìbínú rẹ nínú. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Orogún mi ni Sìlífátù. Ogójì ọdún la jọ fi rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró kan náà, a sì fi ogún nínú rẹ̀ jà. Mi ò ní pọ́n ọn lé nítorí pé ó ti kú.

Òótọ́ ni pé ó bínú. Ọjọ́ tí o ní o kò rẹ aró mọ́, pé iṣẹ́ olùkọ́ lo ń lọ ṣe, ó ní kí o má pe òun ní ìyá mọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, ó ní kí n gbé ẹnu mi kúrò. O lọ, o kò kọ̀wé sí i, òun náà kò ní kí a kọ sí ẹ.

Nínú oṣù Karùn-ún ni àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá yàwòrán bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọláògún lorúkọ ẹni tó ṣáájú wọn. Láti àárọ̀ kùtù la ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ha ọwọ́ wa, kí wọ́n má bàa rí àwa ìyá àgbà pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. A wọ léèsì, a fi àwo bo ìkòkò aró. Ọláògún wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ aláró la wá wò. Èwo wá ni ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé yìí?" Sìlífátù nìkan ni kò fọ tirẹ̀. Ó ní òun kò jalè, kí ni òun ń fọwọ́ sí? Òun nìkan ni wọ́n kọjú ẹ̀rọ ayàwòrán sí. Àwa tí a wọ léèsì la ń bá a gbé igbá.

Nígbà tó parí, wọ́n bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ó kọjú sí ẹ̀rọ, ó kí ẹ, ó dárúkọ rẹ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti wọ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo Nàìjíríà ló ń wò ó. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde ló ti ń dúró. "Ṣé Mọ́níkẹ́ ti dáhùn?" Mo ní ká kọ̀wé. Ó ní àgbà kì í kí ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó gbọ́. Inú ló ń bí i."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ ló kú, a sì sin ín kí wọ́n tó kírun àsárì. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, aró náà kò lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, Ọlọ́run mọ iṣẹ́ tó ṣe.

Mọ́nsúrù ló wá sọ pé o kò mọ nǹkan kan nípa ìkíni orí tẹlifíṣọ̀n náà. Mo bi Adébímpé. Ó ní ti Abẹ́òkúta kò dé ọ̀dọ̀ yín rárá, pé bóyá ni ó fi kọjá ìpínlẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì a ra kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀, a lọ bá Ọláògún. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, eré mìíràn ni àwọn máa gbà lé tiwa lórí. Ó ní kí n kọ̀wé béèrè. Mo ní mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ìjókòó. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì ló gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó sì da àwòrán Sìlífátù sí i. Ó ní àwọn ará wa tó wà lọ́nà jíjìn ti ń béèrè irú rẹ̀, pé ó ti ń ṣe àwọn bíi pé káwọn máa ṣe fídíò tà, kó lè dé ibi tí òpó tẹlifíṣọ̀n àwọn kò dé.

Ilé Adébímpé ní Adígbẹ́ la ti wò ó. Sìlífátù yọ, ó ní ẹ kú ilé o. Mo ti dáhùn kí n tó rántí pé mo ti sin ín.

Mọ́nsúrù ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí. Ó ní ọ̀gá ilé ìwé yín ní ẹ̀rọ fídíò. Tí Sìlífátù bá rẹ aṣọ tán, yóò nu ọwọ́, yóò wò ọ́ lójú. Yóò ní, "Mọ́níkẹ́, ìyá rẹ ló ń kí ẹ. Ṣé o ti jẹun?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kúnlẹ̀, kí o dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró.

Ọlọ́run yóò dá ẹ sí fún wa. Iṣẹ́ tí o yàn yóò gbè ọ́. Ọmọ tí o bá kí yóò dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó kù,
Asiata Aláró.

Mo tún rántí: Adébímpé ti ṣẹ́ etí kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, wọn kò lè gba nǹkan mìíràn sí i mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba eré bọ́ọ̀lù lé ìyá rẹ lórí. Kí o sì jẹun kí o tó wò ó, kí o má bàa purọ́ fún un.