Igi tí Nùrẹ́nì Gbìn sí Oko Ìyá Wa

Ìsọlọ̀,
Oṣù Kẹwàá, 1959.

Nùrẹ́nì, àbúrò mi,

Ṣé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí o ń kọ́ n'Ìbàdàn ló mú ọ gbàgbé pé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, àbí o mọ̀ ọ́n mọ̀ gbìn ín ni? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Mo rò pé ara rẹ le. Tiwa náà le, bí inú wa ò tilẹ̀ dùn.

N kò ní purọ́ mọ́ ọ. Nígbà tí o ní àwọn ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ilẹ̀, pé ewé tó bá wọ̀ sílẹ̀ ni oúnjẹ wọn, mi ò gbà ọ́ gbọ́. Mo ri àkísà òwú méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ igi rẹ, ọ̀kan láàárín ẹ̀gẹ́ níbi tí oòrùn ń pa. Nígbà tí mo hú wọn, ti abẹ́ igi ti jẹrà tán. Èkejì kàn dọ̀tí ni. Ilẹ̀ abẹ́ igi dúdú, ó sì rọ̀. Òótọ́ lo sọ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ta ni? Bàbá Ṣubúọlá, onílẹ̀ wa, tí àìsàn ti dá dúró sílé láti ìgbà tí o ti gbìn ín, dé oko ní Àlàmísì. Ó ní, "Ìyá Tàwà, oúnjẹ la ní kẹ́ ẹ gbìn. Igi yìí á pẹ́ jù mí lọ. Ṣé kí àwọn ọmọ yín lè fi ṣe ẹ̀rí lọ́la pé ilẹ̀ baba wọn nìyí ni?" Ìyá ní ìbòòji lásán ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìbòòji? Ọmọ yín tó kàwé ò ní agboòrùn ni?" Ó ní ká hú u, tàbí ká kó jáde.

Ìyá kọ̀. Wọ́n ní, "Nùrẹ́nì ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Èmi ni mo gbé àdá. Mo gé igi náà, mo sì hú gbòǹgbò rẹ̀.

Lánàá, Bàbá Ṣubúọlá padà wá. Ó bu ilẹ̀ náà sọ́wọ́, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tó dára tó báyìí, àwọn ará ilé òun ni yóò máa dáko níbẹ̀. Ó fi ilẹ̀ pupa kan lápá Mafolúkù rọ́pò fún Ìyá. O wo ilẹ̀ sàn fún onílẹ̀, o sì fi ebi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Má fi irúgbìn ránṣẹ́ sí wa mọ́. Wá fúnra rẹ, kí o dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, kí o sọ ìdí tí o kò fi kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á sì fún ọ ní làákàyè tí yóò tó ìmọ̀ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
Tàwàkálítù.

Àfikún: Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá ti gbé ọkọ́, wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ pupa. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá àwọn ẹ̀dá tí o ń sọ yẹn wà lọ́hùn-ún náà. Mo pa àtùpà.