Orogún Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ọ̀gá Títíloyè pè mí sí yàrá wọn láàárọ̀. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ AI kan tó ń kọ kóòdù, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ kọ́míìtì, ìyẹn kíkó kóòdù wọlé. Iṣẹ́ mi nìyẹn o! Gbogbo kóòdù tí ẹnikẹ́ni bá kọ ní ọ́fíìsì wa ní GRA yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ gbà. Èmi ni mò ń wò ó, tí mò ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí mò ń kọ àlàyé ohun tó yí padà, kí n tó gbé e wọ àpò gbogboogbò tí a ń kó kóòdù pọ̀ sí. Ọdún mẹ́ta. Wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi dán ẹ̀rọ yìí wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá yege, kálukú á máa kó tiẹ̀ fún un láti orí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, èmi á wá lọ máa ṣe "nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ". Ó dà bí kí wọ́n ní kí ìyáálé wá tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó tuntun wò. Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo fi ìbínú jáde.

Kì í kúkú ṣe torí iṣẹ́. Ìwé ò lẹ́nu, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Ẹlẹ́pà máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá gbé kóòdù rẹ̀ fún mi — Ọládélé lorúkọ rẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n ń tà ní Iyaro kì í wọ́n lápò rẹ̀. Á jókòó, a ó jẹ ẹ̀pà, a ó rẹ́rìn-ín. Kò fẹnu sọ nǹkan kan rí. Èmi náà kò sọ. Tí kò bá ní iṣẹ́ gbé wá mọ́, kí ló máa gbé òun fúnra rẹ̀ wá?

Ìṣẹ́gun, 9

Ìdánwò kìn-ín-ní. Mo da iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ra bí ẹni tẹ ẹ̀bà, mo gbé e fún Orogún — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Ó yà á sí mẹ́ta. Àlàyé kúkurú, ó yéni. Kò sọ àsọjù. N kò rí ibi kankan mú.

Ọjọ́rú, 10

Ẹlẹ́pà ka àlàyé Orogún, ó ní, "Chai, this one clean o." Ọdún mẹ́ta tó ti ń ka tèmi, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹtì, 12

Mo dẹ pàkúté. Mo ki pásíwọ́ọ̀dù ibi tí a ń kó orúkọ àwọn oníbàárà sí bọ inú fáìlì kan, mo dákẹ́. Tó bá gbé e mì, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Kò gbé e mì. Ó dúró, ó ní pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, kí n yọ ọ́ kúrò kí òun tó kó iṣẹ́ wọlé. Alákọrí.

Èyí tó dùn mí jù: Ẹlẹ́pà sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà Orogún ló fa àga lọ. Ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ kọ "Ẹ ṣé, sà" sí i! Èmi rèé, "o ṣé jàre" ni tèmi. Ibẹ̀ náà ló ti jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí kò léyín. Mo jowú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mo jowú.

Àìkú, 14

Lẹ́yìn ìsìn, mo ro ẹjọ́ mi fún Tèmidire, àbúrò mi. Mo fi Yorùbá sọ̀rọ̀ títí, Pidgin ló fi dá mi lóhùn bó ti máa ń ṣe. "Sister, na laptop you dey jealous so?" Mo ní kó jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo kọ ìjábọ̀: mẹ́rin nínú mẹ́wàá. "Kò lóye ìdí iṣẹ́." Irọ́ funfun báláú. Ọ̀gá dá a padà, wọ́n ní, "Adéjọkẹ́, àpẹẹrẹ dà?" Àpẹẹrẹ dà lóòótọ́? Òjò ká mi mọ́ Aduwawa nígbà tí mò ń lọ sílé. Kò sí kẹ̀kẹ́. Mo ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀, mo ń wá àléébù ẹ̀rọ kiri inú ọkàn mi.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo rí i! Mo gbé iṣẹ́ tí Ẹlẹ́pà kó wá lánàá fún Orogún, ó kọ̀ ọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìlà òfìfo kan lọ. Mo pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ odidi ọkùnrin, o ní kò sí nǹkan! Mo sáré ṣí fáìlì náà kí n lè fi han Ọ̀gá.

Òótọ́ ni. Ìlà òfìfo kan. Orogún tún fi kún un pé ìlà yìí wọlé ní Ajé, ó jáde ní Ìṣẹ́gun, ó tún padà wọlé ní Ọjọ́rú — ṣé ó nídìí?

Èmi ni mo kọ àlàyé gbogbo wọn o. "Ó tún fáìlì ṣe." "Ó tún fáìlì ṣe." Mo ṣe bí ìmọ́tótó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ni.

Ẹtì, 19

Mo wo ẹ̀yìn lọ nínú àkọsílẹ̀ títí dé àsìkò Àjíǹde. Ọjọ́ tó bá níṣẹ́, iṣẹ́ ló ń gbé wá. Ọjọ́ tí kò bá ní, á fi ìlà òfìfo sí i, tàbí kó yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí Ọ̀gá fúnra wọn ń gba iṣẹ́ — kò sí ẹyọ ìlà òfìfo kan.

N kò lè jẹun ọ̀sán. Èmi tí mò ń wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, Orogún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ hàn mí.

Ajé, 22

Ìjábọ̀ tuntun: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní ti ìlà òfìfo, mo ṣe tèmi lọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, n kò dárúkọ ẹnì kankan. Wọn ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Inú Ọ̀gá dùn. Orogún á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la.

Ọjọ́rú, 24

Ẹlẹ́pà kò sọ̀ kalẹ̀ lánàá. Kò sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Kí ló fẹ́ gbé wá? Mo jókòó, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn lórí àtẹ̀gùn. Owú tún dé: òun àti Orogún ló jọ wà lókè.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Mo ṣí fáìlì yẹn, mo fi ìlà òfìfo kan sí i, mo gbé kọ̀ǹpútà, mo gun òkè. Èmi kì í gun òkè. Àwọn ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Mo ní kí Ẹlẹ́pà bá mi wo iṣẹ́ mi.

Ó wò ó. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Jọkẹ́, kò sí nǹkan kan níbí o." Mo ní mo mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ò ní gbà á. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo gbé e wá fún.

Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga kejì fún mi.