Àwọn Lékeléke Tí Ìyá Mi Yà

Ìyá mi àtàtà,

Síkírátù àbúrò mi ló gbé fóònù yín àti díráìfù kékeré yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́. Ó ní àwòrán tí ẹ yà ló kún inú wọn, kí n bá yín tò wọ́n kí wọ́n má baà sọnù. Mo rò pé àwòrán ìkómọ àti ti àwọn ọmọ-ọmọ yín ni. Mo so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, ni mo bá rí ewé, òjò, àdán, kòkòrò, odò, láìsí ojú èèyàn kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà mi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá, ta ló kọ́ yín? Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Race Course nílẹ̀ Asante níbí, tí gbogbo àdúgbò Fante New Town ń pè síbi yìgì, n kò ya irú rẹ̀ rí. Ṣé ohun tí ẹ ń ṣe lọ́nà nìyẹn, nígbà tí ẹ bá ń gbé aṣọ lọ tà ní ọjà abúlé? Àwọn lékeléke tó ń tẹ̀lé màálù nínú ìrì òwúrọ̀, tí ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé: mo wò wọ́n títí, inú mi bàjẹ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ tò wọ́n bí mo ṣe ń to ti àwọn oníbàárà mi, kí n pa àwọn tó jọra rẹ́, kí n fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Kò sí èyí tó jọra. Èmi a ya ìyàwó kan títí ọwọ́ á fi máa ro mí kí n tó rí ẹyọ kan mú. Ẹ̀yin yà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Síkírátù ní ẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò tróòtróò, awakọ̀ á máa pariwo, ẹ ó sì dúró ti labalábá kan títí á fi gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀. Òun ni ẹ ń fi hàn. Ẹ kò fi han èmi rí. Ṣé ẹ rò pé màá bẹnu àtẹ́ lù wọ́n ni, àbí ẹ ti mọ̀ pé màá jowú?

Mo sì jowú. Bàbá Asante kan wá gba fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó rí lékeléke yín lójú kọ̀ǹpútà, ó gbàgbé ọmọ rẹ̀.

“Ɛyɛ fɛ paa! Ó mà rẹwà o! Ìwọ lo yà á?”

“Ìyá mi ni.”

“Ìyá rẹ ríran o.”

Ó lọ láìwo àwòrán ńlá ti ìyàwó kan tí mo gbé kọ́ ògiri, èyí tí mo fi ń yangàn.

Bó ṣe jáde, mo jókòó ti lékeléke náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo gé etí àwòrán náà kúrò, mo fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, mo yọ wáyà iná tó gba òkè kọjá. Síkírátù gbé kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, wá fún mi, ó dúró lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe fún un?”

“Mo ń tún un ṣe ni. Ìwọ ò mọ iṣẹ́ yìí.”

“Abeg, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí Ìyá rí nìyẹn.” Ó wojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ẹ ń jowú Ìyá!”

Inú bí mi, n kò mu kókó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, mo fi tiyín àti èyí tí mo tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tèmi mọ́ tónítóní, àmọ́ àwọn ẹyẹ náà dà bí èyí tí wọ́n fi pépà gé. Mo pa tèmi rẹ́.

Mo ti tò wọ́n tán báyìí. Ẹyẹ wà lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀, kòkòrò lọ́tọ̀. Síkírátù ló ń sọ ibi tí ẹ ti yà wọ́n fún mi. Mo tẹ lékeléke jáde gbàgàdà, mo sọ àwòrán ìyàwó orí ògiri yẹn kalẹ̀, mo gbé tiyín kọ́ síbẹ̀, mo kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé owú náà ti tán o. Oníbàárà kì í wọlé kó má bèèrè yín, ó sì ń ta mí lára.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ya fọ́tò yìgì kan létí adágún Bosomtwe. Lámilámi kan bà sórí koríko lẹ́bàá omi. Mo fi ìyàwó sílẹ̀ níbi tó ti ń tún àtíkè ojú rẹ̀ ṣe, mo fi ṣòkòtò funfun mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ẹbí ń pè mí. Mo dúró ti lámilámi náà títí, mo sì yà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyẹ́ rẹ̀ kan kò hàn dáadáa. Kò tó tiyín. Ṣùgbọ́n mo ṣí fódà tuntun, mo kọ orúkọ ara mi sí i, mo fi òun nìkan síbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánńà ṣe ilé yín.

Èmi ọmọ yín, tó ń jowú yín, tí àárò yín sì ń sọ.