Òórùn Kajú Nínú Àpótí Ìyá Mi

Ọjọ́ Sátidé, Manigri

Ojú tì mí lónìí. Sìkírá ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ ní Bassila lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní òun ò fẹ́ fálíìsì tuntun tí mo rà fún un láti kó aṣọ sí. Àpótí igi ìyá mi lòun fẹ́!

Aṣọ ni ìyá mi ń kó sí i tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ìbí àwa ọmọ. Nígbà tó fún mi, mo sọ ọ́ di ilé kajú. Ọdún kan, mo kó èyí tí kò gbẹ sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn.

A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, òórùn ò lọ. Kí làwọn àna á wí...

Mo yíjú sí ìyá mi tó jókòó nítòsí, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo ti ba àpótí yín jẹ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Èlùbọ́ ni ìyá tèmi ń kó sí i. Òórùn rẹ̀ bá aṣọ mi délé ọkọ. Ìyá ọkọ mi gbóòórùn rẹ̀, ó ní, 'Ebi kì í pa wọ́n nílé tí ọmọ yìí ti wá.'"

Mo da omi ọṣẹ nù, mo gbé àpótí sóòrùn. Kó máa rùn lọ sí Bassila.