Ohùn Tó Ń Falẹ̀ Nínú Òkúta

Àǹtí Ummusalamah,

Ẹ má bínú pé mo kọ̀wé, ẹ ti ní kí n gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ mi. Ara mi le, òtútù ibí kò sì burú.

Nínú ẹ̀kọ́ wa, a máa ń rán ìró sínú ilẹ̀, kí a lè fi bó ṣe yára tó mọ bí ihò tí gáàsì lè sá pamọ́ sí ṣe pọ̀ tó nínú òkúta yanrìn. Ihò máa ń mú kí ìró falẹ̀; ìró tèmi falẹ̀, mo bá kọ ọ́ pé ihò pọ̀. Olùkọ́ ní, "Khaleel, ṣé òkúta ni àbí kànrìnkàn?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan pe orúkọ mi lọ́sẹ̀ náà.

Ihò kò pọ̀. Òkúta náà ti sán wínníwínní ni. Ojú kò lè rí i, àmọ́ ó ń fa ìró sẹ́yìn ju ihò lọ. Mo rántí yín nídìí ọjà àgbọn yín l'Ájàrá, tí ẹ bá fi ìka kan àgbọn, tí kò dún dáadáa, ẹ ó ní: "Èyí ti sán, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè gbé èmi náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní Jímọ̀, ẹ ní ohùn mi ń falẹ̀ lórí fóònù, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mò ń jẹun dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìwé yìí sí wọn létí.

Àbúrò yín,
Khaleel